Kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì dígí àtijọ́ tí mo fẹ́ kùn ní ọ̀dà tuntun: ẹ dá sí i fún mi

Ìyá Ìbejì Tankẹ

Àsàlámù àlékùm o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá ọkọ mi ti kó lọ sílé ní Ìgbàjà, wọ́n sì ní kí n kó ẹrù yàrá wọn fún àwọn ọmọ mi obìnrin. Kọ́bọ́ọ̀dù aláṣọ onílẹ̀kùn mẹ́ta wà níbẹ̀, pákó gidi ni, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni pláíwúùdù. Tábìlì dígí, èyí tí à ń jókòó sí ìdí rẹ̀ wo dígí ṣe ojú lóge, wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ fọ́míkà sójú rẹ̀, pẹ̀lú àpótí onídúrọ́ọ̀ mẹ́rin, àti bẹ́ẹ̀dì onírin ayé àtijọ́, èyí tó ní sípíríǹgì lábẹ́. Ẹni tó bá wa kó o ní ká tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù, ká lọ ra tuntun. Mi ò gbà. Igi kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ṣì le, oríkèé rẹ̀ kò mì rárá. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lóde báyìí, eérún pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Bí omi bá kàn án, wíwú ni.

Ojú rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Fáńíìṣì ti dúdú, ó ń ṣí níbì kan, àbàwọ́n kún ojú tábìlì dígí, bẹ́ẹ̀dì sì ti dípẹtà. Àwọ̀ mílíìkì ni mo fẹ́, tàbí àwọ̀ ewé tí kò jinlẹ̀. Ṣé mo lè kùn wọ́n fúnra mi? Irú ọ̀dà wo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìmọ̀ yín dù mí.

Akunlé Gàá-Àkànbí

Wàálékùm sàlámù, ìyá wa. Ẹ lè ṣe é fúnra yín dáadáa. Bí ẹ bá máa mú ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n máa sọ níbí, ẹ mú èyí: ohun tí ẹ bá ṣe kí ẹ tó ṣí agolo ọ̀dà ni yóò sọ bóyá ọ̀dà náà á pẹ́. Ọ̀dà tó wọ́n jù lọ́jà, bí ẹ bá fi lé orí fáńíìṣì tó ń dán tí ọ̀rá sì wà lára rẹ̀, omi orí ewé kókò ni.

Ẹ yọ gbogbo ìlẹ̀kùn, dúrọ́ọ̀ àti ọwọ́ ìfà kúrò. Ẹ kó skúrù ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ọ̀rá náà pé ìlẹ̀kùn báyìí ló ni ín. Ẹni tó bá kùn ún láì yọ ìlẹ̀kùn, híǹjì ló máa kùn mọ́ ọn.

Fífọ̀ ló kàn. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ ti tó. Ẹ fún kànìnkànìn yẹn dáadáa kó má baà máa ro, torí igi kì í fẹ́ omi. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi tó mọ́ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú. Ẹ má ṣe fi híha ṣáájú fífọ̀ o. Bí sánpépà bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ńṣe lẹ ó máa fi ọ̀rá ra inú igi.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn sánpépà ni kí ẹ máa wò. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni sánpépà ṣe ń hanni tó. Níbi tí fáńíìṣì ti ń ṣí, ẹ lo 80 tàbí 100. Gbogbo ara yòókù, 150 ti tó. Láàárín ọ̀dà kan sí èkejì, 220 tàbí 240, kí ọwọ́ yín sì fúyẹ́. Ẹ máa tẹ̀lé ojú igi, ẹ má ha á ní ìbú, àpá rẹ̀ á hàn lábẹ́ ọ̀dà. Kò pọn dandan kí ẹ ha á dé igi. Kí dídán rẹ̀ ṣáà ti kú, kí ọwọ́ máa rí i pé ojú rẹ̀ kò yọ̀ mọ́.

Bí ẹ ò bá mọ ohun tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ra spíríìtì ní kẹ́míìsì, ẹ rọ díẹ̀ sára òwú, ẹ fi nu kọ̀rọ̀ kan tí ojú kì í dé. Bí fáńíìṣì náà bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, pólíìṣì tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ máa ń fi òwú ra ni. Bó bá jẹ́ ọ̀dà ló wà níbẹ̀, tó sì bó mọ́ òwú, ọ̀dà olómi ni. Bí kò bá yí padà, gílọ́ọ̀sì elépo ni, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ kun ọ̀dà olómi lé e láì kọ́kọ́ ha á kí ẹ sì fi práímà sí i, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ọ̀dà gidi máa dì mú.

Ní ti irú ọ̀dà tí ẹ máa rà: gílọ́ọ̀sì elépo le, ó ń dán, ó ṣe é nù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ funfun tàbí mílíìkì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó máa ń di àwọ̀ ìyeyè bó bá yá. Nítorí náà, ọ̀dà akírílíìkì olómi tí wọ́n ṣe fún igi ni mo máa ní kí ẹ rà fún àwọ̀ mílíìkì. Òórùn rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Èyí tí wọ́n bá kùn ní ìkùn kan tó nípọn, ṣíṣàn ló máa ṣàn, òkè á gbẹ, inú á ṣì tutù. Gílọ́ọ̀sì elépo fẹ́ odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó kun òmíràn lé e. Akírílíìkì fẹ́ tó wákàtí mẹ́rin.

Alhaja Ọjà-Ọba

Olúwa á fún ìyá wa ní ẹ̀mí gígùn ní Ìgbàjà. Ọmọ mi, ojú tábìlì dígí yẹn ni kí o fi ọkàn sí. Àwa obìnrin Ìlọrin, ibẹ̀ la ti ń ra òrí, ibẹ̀ la ti ń ra àdí àti ìpara, ibẹ̀ la ń gbé tìróò lé. Gbogbo rẹ̀ ti wọ etí fọ́míkà àti igi abẹ́ rẹ̀ lọ. Ọṣẹ nìkan kò lè kó o. Lẹ́yìn tí o bá fọ̀ ọ́ tán, fi àkísà tí a rọ tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà elépo, sí nù ún, kí o sì máa pààrọ̀ àkísà. Bí o bá fi àkísà kan ṣoṣo nù ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o kàn ń tú ọ̀rá ká ni. Níbi tí òrí bá kù sí, ọ̀dà á sá kúrò níbẹ̀, á fi ihò róbótó-róbótó sílẹ̀.

Akunlé Gàá-Àkànbí

Òótọ́ ni Alhaja sọ. Kí n fi ti fọ́míkà kún un. Bí etí rẹ̀ bá ti gbéra, ẹ ra gọ́ọ̀mù tí àwọn ṣúmékà ń lò, ẹ fi sí ojú méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó wá tẹ̀ ẹ́ pa dáadáa. Ẹ fi 150 ha ojú fọ́míkà títí kò fi ní dán mọ́, kí ẹ sì bèèrè fún práímà tó ń di ojú tó yọ̀ mú. Práímà igi lásán kò ní dì í mú. Ẹ yọ dígí kúrò bó bá ṣe é yọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Gẹrí Àlímì

Ẹ dákun, ẹ dúró ná. Irú igi wo ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn?

Ẹ dojú dúrọ́ọ̀ kan délẹ̀ kí ẹ ha kọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ọ̀gánwó ni. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ha á, tó wá ń di búráùn bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ìrókò ni. Bó bá funfun, tó fúyẹ́, tí èékánná sì lè fi àpá sí i, àrẹ̀rẹ̀ ni. Àrẹ̀rẹ̀ àti pláíwúùdù, ẹ kùn wọ́n, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mò ń bẹ̀ yín nípa ọ̀gánwó àti ìrókò. Pákó wọn tó fẹ̀, tó sì gbẹ dáadáa, kò wọ́pọ̀ ní sáwúmìlì mọ́. Ẹni tó kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ti yan pákó kí ojú igi ìlẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bára mu. Bí a bá da ọ̀dà bò ó, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ha á, ẹ fi fáńíìṣì tuntun sí i, ẹ ó rí ohun tó ń jẹ́ ẹwà.

Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀dà náà lẹ fẹ́, ilé yín ni, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ọ̀pọ̀ kì í sọ. Ọ̀gánwó ní omi pupa nínú. Á yọ jáde lára ọ̀dà mílíìkì, á di àbàwọ́n pupa, bí ẹ sì ṣe ń kun òmíràn lé e ni yóò máa yọ. Pólíìṣì shellac, èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ ń fi òwú ra yẹn, ni kí ẹ fi dí i kí ẹ tó fi práímà sí i, ìkùn méjì. Ìrókò ní tirẹ̀ ní epo nínú tó máa ń jẹ́ kí ọ̀dà elépo àti fáńíìṣì pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ fi tínà nù ún, kó gbẹ, kí ẹ sì kùn ún lójú ẹsẹ̀. Eruku rẹ̀ máa ń yún ni lára, ó sì máa ń fún ẹlòmíràn ní ikọ́ àti àìlèmí dáadáa. Ìbòmú gidi ni kí ẹ lò. Ìbòrí tí ẹ fà bo imú kò tó.

Fún ihò ìṣó àti ibi tó ti ṣá, ẹ kó lẹ́búlẹ́bú igi tí ẹ ha kúrò yẹn, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ Top Bond, gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ igi, ẹ fi dí i. Kó yọ díẹ̀ kọjá ojú igi, torí bó bá gbẹ á súnkì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ha á dọ́gba.

Ìyá Ìbejì Tankẹ

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò jẹ́ kí n kánjú. Mo ti ha á wò. Ìlẹ̀kùn àti férémù pọ́n, ọ̀gánwó ni. Àpótí onídúrọ́ọ̀ funfun, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, lábẹ́ dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, àwọn ihò kéékèèké wà, eruku lẹ́búlẹ́bú sì ń jáde nínú rẹ̀. Ṣé ìkán ni?

Tíṣà Òmù-Àrán

Kì í ṣe ìkán, ìyá. Ìkán máa ń fi amọ̀ ṣe ọ̀nà gba ara ògiri, ó sì máa ń jẹ inú igi láì fi ihò hàn lójú. Èyí tí ẹ rí jẹ́ ti kòkòrò oníkarahun kékeré kan; ọmọ rẹ̀ ló ń gbé inú igi jẹ ẹ́, ihò yẹn ni ó gbà jáde nígbà tó dàgbà. Igi funfun ló fẹ́ràn, àrẹ̀rẹ̀ pàápàá, torí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyẹ̀ròsùn tí àwọn babaláwo ń tẹ Ifá sí, ohun tí kòkòrò jẹ jáde lára igi ìrosùn ni ìyẹn náà.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣì wà láàyè. Ẹ gbọn gbogbo eruku náà kúrò, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ dúrọ́ọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí eruku tuntun bá tún bọ́ sórí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó wà níbẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa oògùn igi, irú Solignum, kí ẹ fún un sínú ihò kọ̀ọ̀kan, níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Kó gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó dí ihò. Bí ó bá ti jẹ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ jù, ẹ má fi oògùn pa á, ẹ ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi pláíwúùdù tuntun rọ́pò rẹ̀, torí aṣọ ọmọ ló máa wà níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ̀ ni pé inú ojú igi tí kò ní ọ̀dà ni kòkòrò yìí ń yé ẹyin sí. Ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nílé yín: iwájú rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀ gbẹ hán-ún hán-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ kun ẹ̀yìn, ẹ kun abẹ́, ẹ kun ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó. Kí ẹ sì jẹ́ kí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti ògiri.

Wẹ́dà Àjàṣẹ́-Ìpo

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bẹ́ẹ̀dì onírin. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni kí ẹ fi ha ìpẹtà rẹ̀, lẹ́yìn náà 80. Ẹ wo oríkèé ibi tí sípíríǹgì ti kọ́ dáadáa, bí irin ibẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́ ẹ gbé e wá ká jó o kí ẹ tó kùn ún. Ẹ fi tínà nù ún, kí ẹ sì kun ọ̀dà pupa tí àwa wẹ́dà ń lò, red oxide, lọ́jọ́ kan náà. Irin tí ẹ ha lónìí tí ẹ fi sílẹ̀ sí ìrì òru, ìpẹtà á ti tún bẹ̀rẹ̀. Gílọ́ọ̀sì elépo ni kí ẹ kùn lé e. Ẹ má kun ara sípíríǹgì fúnra rẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ọ̀dà á máa bó sórí ibùsùn.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà

Ẹ jọ̀wọ́, yàrá ọmọ ni a ń sọ. Mi ò rí ẹni tó mẹ́nu kan òjé (lead).

Ọ̀dà àtijọ́, pàápàá àwọ̀ ìyeyè, pupa àti ewé, òjé pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Òjé kì í ṣe ohun tí ara ń lò rárá. Bó bá wọ ara ọmọdé, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bà jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tó dára fún ọmọ. Gbogbo wa ló gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, nígbà tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Èyí tó wà lára bẹ́ẹ̀dì kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n eruku ni àwọn méjèèjì fi ń wọlé sára: ọmọ á fọwọ́ kan ilẹ̀, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Nítorí náà, bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ má ha á ní gbígbẹ. Wọ́tà pépà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò ni kí ẹ rà, ẹ máa fi omi tutù ha á, kí eruku má fò. Tí ẹ bá máa lo búrọ́ọ̀ṣì onírin tí wẹ́dà wa sọ, ẹ rọ omi sára irin náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí adìẹ àti ọmọ ò sí. Ẹ da omi ìdọ̀tí rẹ̀ síbi tó jìnnà sí kànga. Aṣọ tí ẹ wọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ra ọ̀dà tuntun, ẹ ka ara agolo, èyí tí wọ́n kọ sí pé kò ní òjé ni kí ẹ rà. Ìwọ̀n òjé tí àwọn àjọ àgbáyé fọwọ́ sí nínú ọ̀dà kò ju ìdá 90 lọ nínú ìdá mílíọ̀nù kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Odò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní ìbéèrè méjì. Ọ̀dà ògiri kù nílé wa, ṣé mo lè fi kun kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà ní yàrá mi? Àti pé, ṣé bẹntiróò kò lè rọ́pò tínà?

Fún Ìyá Ìbejì, èrò mi ni pé kí ẹ fi ìlẹ̀kùn ọ̀gánwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní igi, kí ẹ fi fáńíìṣì tuntun sí wọn, kí ẹ wá kun férémù rẹ̀ àti àpótí onídúrọ́ọ̀ ní mílíìkì.

Akunlé Gàá-Àkànbí

Àbúrò, ọ̀dà ògiri rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlẹ̀kùn á máa lẹ̀ mọ́ férémù, ìwé tí o bá gbé lé e náà á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni agbára rẹ ká, fi fáńíìṣì olómi bò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bẹntiróò ńkọ́? Má ṣe é, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń gbà rìn. Sítóófù tó wà ní yàrá kejì lè fà á, yàrá tó o wà náà á sì gbiná. Kẹrosíìnì kò léwu tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń pa dídán gílọ́ọ̀sì, kì í sì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Bí kò bá sí tínà, tọpẹntáìnì ni kí o rà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Gẹrí Àlímì

Ohun tí ọmọ yìí sọ tẹ́ mi lọ́rùn. Ìlẹ̀kùn ní igi, férémù ní ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé shellac lórí férémù o, ọ̀gánwó náà ni.

Ìyá Ìbejì Tankẹ

Ọkàn mi ti balẹ̀. Ìlẹ̀kùn máa wà ní igi, ìyẹn náà ni ọkọ mi fẹ́. Ìgbà wo lọ́dún ló dára jù? Àti pé, lẹ́yìn tí mo bá ṣe tán, ìgbà wo ni mo lè kó aṣọ sí i?

Akunlé Gàá-Àkànbí

Láàárín òjò tó ń kásẹ̀ nílẹ̀ àti ọyẹ́ tó ń bọ̀, ìyẹn ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Nínú òjò, ọ̀dà kì í fẹ́ gbẹ, fáńíìṣì sì lè fi ojú funfun hàn. Bí ọyẹ́ bá dé, ó ń gbẹ kíákíá, àmọ́ eruku Ìlọrin yìí á lẹ̀ mọ́ ọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá di dandan nínú ọyẹ́, ẹ ṣe é nínú ilé, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé ìhà tí atẹ́gùn kò ti wá. Ẹ má gbé e sínú oòrùn kó lè yá. Ojú rẹ̀ á wú.

Alhaja Ọjà-Ọba

Ní ti aṣọ, má kánjú rárá. Bí ọ̀dà bá gbẹ lọ́wọ́, kò tíì gbẹ nínú. Ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó bá jẹ́ gílọ́ọ̀sì elépo kó pé oṣù kan, kí àwọn ọmọ má sì sùn ní yàrá náà títí òórùn fi máa lọ. Aṣọ òkè ni kó gbẹ̀yìn, torí òórùn ọ̀dà kì í tètè kúrò lára rẹ̀, o ò sì lè sọ ọ́ sínú omi. Tẹ́ aṣọ funfun sísàlẹ̀ kọ́kọ́. Etí dúrọ́ọ̀ tó ń wọ inú àpótí, má fi ọ̀dà kàn án rárá. Àbẹ́là ni kí o fi ra á, á máa yọ̀ wọlé yọ̀ jáde. Kí o sì sọ fún àwọn ìbejì pé ìgò ìpara kò gbọ́dọ̀ dé ojú tábìlì dígí yẹn kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé.